Kí ẹ tó sanwó máásítà orí íntánẹ́ẹ̀tì torí àtiwọ ilé ìwé ìṣègùn

Ẹni tó ti gba digirì nínú Baokẹ́místírì tàbí Maikirobaọ́lọ́jì, tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lára iṣẹ́ dókítà, kì í pẹ́ tí ìpolówó máásítà orí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa já lù ú lórí fóònù: ọdún kan péré, ẹ ò ní kúrò nílé yín, ilé ìwé ìṣègùn á sì gbà yín. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Irú máásítà bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ti gbé àwọn kan dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ẹni tó kàwé ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ẹni tó jókòó sí Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ orílẹ̀-èdè tó ti fẹ́ ka ìṣègùn. Ìyẹn ló ṣáájú, orúkọ máásítà ló kẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ Nàìjíríà

Ẹ fi owó yín pamọ́. Ọ̀nà méjì ni JAMB là sílẹ̀ fún MBBS, ìyẹn digirì dókítà. Ọ̀kan ni UTME: Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì, ẹ ó sì lo ọdún 6. Èkejì ni Direct Entry, tó ń fi yín sí 200 level, ẹ ó sì lo ọdún 5. Àbájáde A level bíi JUPEB àti IJMB, tàbí digirì àkọ́kọ́, ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tó gba second class lower, tó wá lọ fi máásítà lé e, second class lower yẹn náà ni wọ́n ṣì máa kà. Ní Èkìtì, níbi tí wọn kì í fi ìwé ṣeré, ó rọrùn kéèyàn rò pé bí ìwé ẹ̀rí bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Lọ́dọ̀ JAMB, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró gan-an kò jìnnà: àbájáde WAEC tàbí NECO ni. Kírẹ́díìtì 5 ni wọ́n fẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, Máàtì, Físíìsì, Kẹ́místírì àti Bàọ́lọ́jì, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló sì fẹ́ kó jẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo. Bí D7 bá ti wà nínú Físíìsì yín láti ilé ìwé girama, kò sí máásítà tó lè tún un ṣe. Ẹ lọ jókòó GCE.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ IBASS wò, ìyẹn ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kọ síbẹ̀ nípa Direct Entry sí MBBS. Kí ẹ wá fẹsẹ̀ ara yín lọ bi wọ́n. EKSU àti ABUAD wà ní Adó níbí, ẹ ò ní sun ọ̀nà. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: ṣé ẹ ń gba Direct Entry sí MBBS lọ́dún yìí? Digirì wo lẹ ń gbà? Kíláàsì wo ló kéré jù? Ẹ má ṣe bínú bí wọ́n bá ní àyè kò tó. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà, ilé ìwé tó bá sì ré kọjá iye náà ń fa ìjìyà sórí ara rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìṣègùn fúnra rẹ̀ ṣeé kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yáa sá. Ní 2022, nígbà tí ogun mú kí àwọn ilé ìwé ìṣègùn Ukraine gbé ẹ̀kọ́ wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, MDCN kéde pé òun kò ní tẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí tó bá ti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ jáde.

Ìlú Ọba, ní ṣókí

Ètò ọlọ́dún 4 wà níbẹ̀ fún ẹni tó ti ní digirì. UCAS, ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì wọn, lẹ ó gbà, 15 October ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ilé ìwé ìṣègùn 4 péré lẹ sì lè mú. UCAT tàbí GAMSAT ni ìdánwò rẹ̀. Digirì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò jù, 2:1 (second class upper) sì ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Àwọn díẹ̀ máa ń gba 2:2 (second class lower) tí máásítà bá tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn kan kì í gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè sí ètò ọlọ́dún 4 yìí rárá. Ẹ ka ojú ewé ilé ìwé náà fúnra yín, ẹ má fi ti ajẹ́ńtì nìkan ṣe.

Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀rọ̀ wà

Special Master's Program ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, SMP lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é. Georgetown ní irú rẹ̀ tó ti pẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ máásítà ti ń jókòó ti iṣẹ́ ọdún kìíní ilé ìwé ìṣègùn. Nítorí pé wọ́n ń fi yín wé àwọn tó ti wọlé, A tí ẹ bá gbà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Medical Physiology ti Case Western Reserve, ń kọ́ni ní ìmọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, kò sì sí lábù tí ẹ ó ti fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ilé ìwé ìṣègùn kan kò kọ ìyẹn, àwọn mìíràn sì fẹ́ kí lábù jẹ́ ojúkojú.

Ohun tí ìpolówó kì í sọ ni pé AMCAS, ojú òpó tí wọ́n ń gbà forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé MD (digirì dókítà tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀), máa ń ya GPA máásítà sọ́tọ̀ kúrò lára GPA digirì àkọ́kọ́. Kì í pò wọ́n. Ká ní ẹnì kan parí digirì àkọ́kọ́ pẹ̀lú 2.9 lórí yúnìtì 120. Bó bá gba A nínú gbogbo yúnìtì 30 máásítà, 2.9 yẹn kò ní mira. Bó bá jẹ́ pé yúnìtì 30 ti digirì àkọ́kọ́ ló tún lọ kà, èyí tí wọ́n ń pè ní post-bac, tó sì gba 4.0 nínú wọn, ìṣirò á yí: 120 lọ́nà 2.9 jẹ́ 348. 30 lọ́nà 4.0 jẹ́ 120. Àpapọ̀ 468, ẹ pín in sí 150, ó di 3.12. Máásítà wà fún ẹni tí GPA rẹ̀ kò burú jù, tó fẹ́ fi hàn pé òun lè gbé ẹrù ìṣègùn. Ẹni tí GPA rẹ̀ ti wó lulẹ̀, post-bac ló kàn án.

Gbogbo ìyẹn, ti ẹni tó kàwé ní Amẹ́ríkà ni. Tiyín yàtọ̀. AMCAS kì í gba trànsíkíríìtì ilé ìwé òkèèrè, nítorí náà máàkì EKSU tàbí FUOYE yín kò ní wọ inú ìṣirò rẹ̀ rárá. AACOMAS, ti àwọn ilé ìwé DO (oríṣi digirì dókítà kejì ní Amẹ́ríkà), máa ń gba èyí tí àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò, bíi WES, bá ti yẹ̀ wò, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì rẹ̀. Ẹ má jókòó pín CGPA 5.0 yín sí 4.0 fúnra yín. Ìdáhùn tí ẹ máa rí kì í bá ti WES mu. Síwájú sí i, ọ̀pọ̀ ilé ìwé MD kì í gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Nínú àwọn tó ń gbà, àwọn kan fẹ́ odindi digirì àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, àwọn kan fẹ́ yúnìtì 90, àwọn kan sì gbà kó dín sí bẹ́ẹ̀. Máásítà tó jẹ́ yúnìtì 30 sí 36 kò lè dí àlàfo 90. Owó tún wà ńbẹ̀: àwọn mìíràn á ní kí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kó owó ilé ìwé ọdún 1, tàbí ti ọdún 4 pátá, sílẹ̀ kó tó wọlé.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún máásítà, ẹ ṣí MSAR, àkójọ tí AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwé ìṣègùn Amẹ́ríkà, ṣe nípa ilé ìwé MD kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yan bíi 8 tó ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Kí ẹ wá kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi kọ ọ́, kó má ju ìlà mẹ́wàá lọ, ohun tó sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ọmọ Nàìjíríà ni mí, mi ò ní green card. Nàìjíríà ni mo ti gba digirì àkọ́kọ́ nínú Físíọ́lọ́jì. Mo fẹ́ ṣe máásítà yìí (ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ilé ìwé rẹ̀) lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Ṣé yúnìtì rẹ̀ wà lára èyí tí ẹ ń béèrè pé ká kà ní Amẹ́ríkà? Yúnìtì mélòó ló máa kù? Ṣé ẹ ń gba kọ́ọ̀sì tí a kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti lábù rẹ̀?"

Ìdáhùn tó bá sọ pé "a ń wo ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tún béèrè. Bí 6 nínú 8 bá sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ ti yanjú, ẹ sì ti fi ímeèlì lásán gba owó ńlá là.

Ọ̀rọ̀ físà náà ṣe pàtàkì. Máásítà tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀ kì í mú I-20 wá, ìyẹn ìwé tí ilé ìwé ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi gba físà. Láìsí I-20 kò sí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́. Òfin wọn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kò lè ka ju kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, yúnìtì 3, mọ́ iye tó sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ kíkún ní sáà kan. Ẹni tó bá ní máásítà yìí á gbé yín wọ Amẹ́ríkà kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó sì máa tajà.

Àkókò

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé. Fọ́ọ̀mù AMCAS máa ń ṣí ní May, ìfiránṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní òpin May tàbí ìbẹ̀rẹ̀ June, fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ máásítà ní August, tó sì ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní June tó ṣáájú rẹ̀, kò ní máàkì máásítà kankan tí wọ́n lè wò. Owó fọ́ọ̀mù ṣòfò nìyẹn. Èyí tó bójú mu ni: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní August 2026, ẹ parí ní May 2027, ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní June 2027, kí ẹ wọlé ní August 2028. Kí MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé ìwé ìṣègùn Amẹ́ríkà, ti wà nílẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó lọ. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528. Ìgbà 3 lẹ lè ṣe é lọ́dún, 4 láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ léra, 7 láyé yín. Bí ẹ bá sanwó tí ẹ ò yọjú, ó ti wọ iye náà. Ẹ wo ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é kí ẹ tó mú ọjọ́, kí ẹ sì fi owó ìrìnnà kún ìṣirò.

Kíkà á láti Èkìtì

Kíláàsì aago 6 ìrọ̀lẹ́ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà jẹ́ aago 11 alẹ́ ní Adó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Láti Sunday àkọ́kọ́ nínú November, tí wọ́n bá ti dá aago padà, ó di aago 12 òru, títí di Sunday kejì nínú March. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó wọlé ní 11:59 alẹ́ ń já sí 4:59 ìdájí lọ́dọ̀ wa, tàbí 5:59. Ẹ kọ méjèèjì sára ògiri.

Ìdánwò wọn máa ń jẹ́ èyí tí kámẹ́rà ń ṣọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n ń béèrè, fóònù kò tó. Wọ́n á ní kí ẹ fi kámẹ́rà yí yàrá ká: abẹ́ tábìlì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọmọ bá ṣí ilẹ̀kùn pé ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà, gbohùngbohùn ń gbọ́ ọ. Èyí tó burú jù ni kí BEDC mú iná lọ: kọ̀ǹpútà á dúró lórí bátìrì rẹ̀, ṣùgbọ́n ráútà á kú, á sì gbà á ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó padà bọ̀ sípò. Ìdánwò á ti já. Ráútà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí ínfátà. Kọ̀ǹpútà ń jẹ bíi wáàtì 65, ráútà 10, gílóòbù 10. Wákàtí 3 jẹ́ bíi wáàtì-wákàtí 255. Bátìrì 12V, 100Ah kan gbé wáàtì-wákàtí 1,200, bí ẹ bá sì lo ìdajì rẹ̀ péré kó má bàa tètè bàjẹ́, ó ṣì tó, ó tún kù. Kí síìmù nẹ́tíwọ̀kì mìíràn wà nítòsí pẹ̀lú dátà. Ẹ fi ìdánwò àfiṣeré wọn dán gbogbo rẹ̀ wò lálẹ́ tó ṣáájú.

Létà tí olùkọ́ fi ń jẹ́rìí yín fún ilé ìwé ìṣègùn ni ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kì í rò tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ tó rí orúkọ yín lójú kọ̀ǹpútà nìkan kò ní ohun kan láti kọ. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa lọ sí wákàtí tí olùkọ́ fi ń gba ìbéèrè, ẹ mú ìbéèrè kan tó ní orí lọ, ẹ tan kámẹ́rà. Olùkọ́ méjì tó mọ̀ yín dára ju márùn-ún tí kò mọ̀ yín.

Ní ti títẹ̀lé dókítà kiri láti wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ létà sí ilé ìwòsàn EKSUTH ní Adó tàbí Federal Teaching Hospital ní Ìdó, kí ẹ gba àṣẹ lórí ìwé kí ẹ tó wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ẹ̀ka, orúkọ dókítà. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn, ẹ má ya fọ́tò. Àwọn ilé ìwé Amẹ́ríkà kan á ṣì fẹ́ kí ẹ ti rí ilé ìwòsàn tiwọn, kí ẹ fi ìyẹn sínú ìbéèrè ímeèlì yín.

Níparí, ìwé. WES fẹ́ kí ilé ìwé fi trànsíkíríìtì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé kò wúlò. Ẹ tètè lọ sanwó rẹ̀, kí ẹ máa tọpa rẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ́jísítírà. EKSU kò jẹ́ orúkọ yìí ṣáájú 2011. University of Ado-Ekiti ló wà lórí ìwé ẹ̀rí àwọn tó jáde ṣáájú ìgbà náà, Ondo State University sì wà lórí ti àwọn tó ṣáájú wọn. Bí trànsíkíríìtì bá gbé orúkọ tuntun, tí ìwé ẹ̀rí gbé ti àtijọ́, WES lè dá fáìlì dúró. Ẹ ní kí rẹ́jísítírà fi létà àlàyé kan sínú àpòòwé kan náà. Ti orúkọ yín náà ńkọ́? Bí ẹ bá ti lọ́kọ tí orúkọ yí padà, kí áfídáfíìtì àti ìpolówó inú ìwé ìròyìn bá pásípọ́ọ̀tù mu, lẹ́tà dé lẹ́tà, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún MCAT.