Wàràkàṣì fún ẹni tí kì í jẹ wàrà àti gluten

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n ta yín lólobó. Bí ẹ bá rí “lactose-free” lára páálí wàràkàṣì, ìyẹn ò sọ pé kò sí wàrà níbẹ̀ o! Ṣúgà inú wàrà nìkan ló kúrò. Casein, ìyẹn purotéènì inú wàrà, ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àwọn kan tí wọ́n fi sóyà ṣe pàápàá máa ń ní casein nínú. Ní ti gluten, ìyẹn purotéènì inú àwọn ọkà kan, ẹ wò ó bóyá àlìkámà tàbí ọkà báálì wà níbẹ̀.

Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ rà á mọ́, ṣe ni mo máa ń ṣe é nílé. Ẹ rẹ kajú tí wọn ò yan, ife 1, sómi mọ́jú. Ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú omi ife 1 àti ààbọ̀, oje ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀, aáyù àti sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣíbí ìjẹun 3. Ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó. Á kọ́kọ́ ṣù bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. Ẹ ṣáà máa rò ó lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nutritional yeast (ìwúkàrà gbígbẹ tí wọ́n máa ń fi sóúnjẹ) tí ẹ bá fi sí i ló ń mú un dùn bíi wàràkàṣì gidi. Brewer's yeast kọ́ o, torí ìdí ọtí ọkà báálì ni wọ́n ti sábà máa ń rí ìyẹn.