Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ohun tí Bràsíìlì ń ṣe gan-an lágbo ayé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe project lórí àwọn orílẹ̀-èdè tí ò tíì tó Amẹ́ríkà tàbí China àmọ́ tí wọn ò ṣeé tì sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká mú Bràsíìlì, ìlú Àgùdà táwọn baba wa ń sọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ààrẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ná èèyàn ní nǹkan kan o. Ìbò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Inú UN Digital Library nìbò UN wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ nọ́ńbà ìpinnu náà síbẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, Y ni ẹni tó gbà, N ni ẹni tó kọ̀, A ni ẹni tó ta kété. Ẹ wá wo eléyìí: ní March 2, 2022, orílẹ̀-èdè 141 ní kí Russia kó ọmọ ogun ẹ̀ kúrò ní Ukraine, Bràsíìlì wà nínú wọn. Ó di April 7, wọ́n ní kí wọ́n dá Russia dúró nínú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, Bràsíìlì bá ta kété. Tó bá jẹ́ ìbò àkọ́kọ́ nìkan lẹ rí, ẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀ lé, tó bá sì jẹ́ ìkejì nìkan, ẹ̀ẹ́ ní Russia ló ń bá rìn, irọ́ sì ni méjèèjì.

Bolsonaro ló wà nípò ààrẹ Bràsíìlì nígbà yẹn. Lula tó gbàjọba ní 2023 náà kọ̀, kò fún Ukraine ní ọta ìbọn. Àwọn méjì tí ò lè jọ jẹun nínú àwo kan náà! Torí náà ẹ yéé gbé gbogbo ẹ̀ lé orí ààrẹ.

Ẹ lọ wo owó. Sáìtì Comex Stat ni ìjọba wọn ń kó àkọsílẹ̀ ọjà tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde sí. Ajílẹ̀ táwọn àgbẹ̀ wọn ń lò, ó ju 80% lọ tó ń wá látòkèèrè, Russia sì wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn jù, ta ló máa fẹ́ bá oníbàárà bẹ́ẹ̀ jà nígbà tí soya wà lóko? Àmọ́ ẹ má sáré kọ ọ́ pé ajílẹ̀ nìkan ló fà á o, òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1988, abala kẹrin, ti ní àwọn ò ní máa dá sọ́rọ̀ abẹ́lé ẹlòmíì, àwọn aṣojú wọn ò sì fi ṣeré rárá.

Ohun tí wọ́n fúnra wọn sọ pé ó fa ìbò náà ńkọ́? Itamaraty ni wọ́n ń pe mínísírì ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn, ẹ lọ sí sáìtì ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ «explicação de voto», ìyẹn àlàyé ìbò. Èdè Potogí ni kẹ́ ẹ fi wá a o, tẹ́ ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì wá a, díẹ̀ lẹ máa rí, Google á bá yín túmọ̀ ẹ̀.

Ti àtijọ́ ló dùn jù lójú tèmi. Ìjọba ológun Bràsíìlì tó ń lé àwọn kọ́múníìsì kiri nílé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà pé ìjọba MPLA, ẹgbẹ́ tó ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Marx, ni ìjọba tòótọ́ ní Angola ní November 11, 1975, lọ́jọ́ òmìnira gan-an. Ìwé Azeredo da Silveira, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ìgbà yẹn, wà ní CPDOC, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìtàn sí ní Rio, ẹ wọ sáìtì wọn, kẹ́ ẹ sì wá omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀.