Bí ẹ ṣe lè wo yàrà Erédò àti ibojì Súngbọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo

Orúkọ ló kọ́kọ́ máa ń ba ìrìn yìí jẹ́. Ẹni tó bá dé gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde tó ní òun ń lọ sí Erédò, ìlú Erédò lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ibojì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn sọ pé òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà Erédò, wà ní Òkè-Èrí, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Ọ̀tọ̀ ni ibojì, ọ̀tọ̀ ni yàrà. Yàrà ọ̀hún gùn ju kìlómítà 160 lọ. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, nǹkan bíi kìlómítà 40 láti àríwá dé gúúsù, 35 láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Kò sẹ́ni tó lè rí i tán lọ́jọ́ kan, ẹ mú ibì kan.

Àbá wa ni pé kí ẹ lọ sí Òkè-Èrí láàárọ̀, kí ẹ tó lọ sí yàrà lọ́sàn-án. Àárọ̀ lẹ ti máa bá àwọn àgbà nílé kí wọ́n tó gba oko lọ. Ti yàrà, igi ló bò ó lórí. Àfi tí oòrùn bá wà ní àtàrí ni ìmọ́lẹ̀ tó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Láti Èkó, ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn lẹ máa gbà dé Ṣágámù, kí ẹ ya sí ọ̀nà Bẹ́nì títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ gba ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ ní àlọ àti àbọ̀, kí ẹ sì ná owó rẹ̀ tán kí ẹ tó gùn ún. Ẹni tó bá san àlọ nìkan lè jókòó pẹ́ ní Òkè-Èrí kó tó rí ẹni gbé e padà.

Ẹ má ṣe kọjú sí ibojì tààrà. Ẹ béèrè ilé baálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní: “Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá. A wá kí Súngbọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń mójú tó ibẹ̀?” Ẹni tó ń mójú tó o ló máa mú yín lọ. Ẹ bọ́ bàtà tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ ọ. Wọ́n máa ń sọ pé obìnrin kì í wọ ojú ibojì, nítorí náà kí ẹ̀yin obìnrin béèrè ibi tí ẹ lè dé kí ẹ tó kúrò nílé baálẹ̀, kí ó má di àríyànjiyàn lẹ́nu ọ̀nà. Àyè láti wọlé kì í ṣe àyè láti ya fọ́tò. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ fi owó kéékèèké sápò fún ẹni tó mú yín lọ.

Wọ́n á sọ fún yín pé Súngbọ́ ni ayaba Ṣébà. Ẹ gbọ́, ẹ dúpẹ́. Àwọn kan ní yàrà náà ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, ìwalẹ̀ tó dé gbẹ̀yìn sì fi í sí àárín 1370 sí 1420. Ayé Ṣébà jìnnà sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ojú ibojì kọ́ ni wọ́n ti ń jà sí i.

Ó wá ku yàrà. Ẹ gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ sọ̀ ní Erédò, kí ẹ ní kí ọmọ ìlú kan mú yín wọ igbó. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló dáa jù. Ilẹ̀ pupa tí amọ̀ àti irin pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Tó bá gbẹ, ó máa ń le bí òkúta, ìyẹn ni ara ògiri ṣe ń dán títí dòní. Tí òjò bá pa á, yíyọ̀ ló kù, omi á sì dúró nísàlẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe kòtò àgbàrá ni wọ́n mú yín dé: ẹ wo ibi tí yẹ̀pẹ̀ wà. Àgbàrá máa ń gbé yẹ̀pẹ̀ lọ ni, kì í kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó gbẹ́ Erédò da gbogbo ohun tí wọ́n wà jáde sí apá inú, ó di odi lórí yàrà. Láti ìsàlẹ̀ dé orí odi yẹn lè tó mítà 20. Tí ẹ bá dúró nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó ga jù ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Èyí tó rẹlẹ̀ ni ìta, ibi tí ọ̀tá ì bá gbà wá.

Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn, omi lítà kan àbọ̀ fún ẹnì kan, àti okùn tó nípọn, mítà 30. Ẹ so okùn mọ́ igi tútù tó dúró sẹ́yìn etí yàrà, kì í ṣe èyí tó ti fì sí inú rẹ̀. Ẹ kọjú sí ògiri tí ẹ bá ń sọ̀, ẹ rìn ní ìdágẹ̀rẹ́. Ẹ má di gbòǹgbò tó yọ síta mú: ilẹ̀ tó dì í ti wọ́ lọ, á sì já sí yín lọ́wọ́. Igi ni kí ẹ fi gún ewé gbígbẹ nísàlẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ejò. Tí ẹ bá rí àpáàdì, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Tí wọ́n bá ti gbé e kúrò lójú rẹ̀, kò lè sọ ọjọ́ orí odi fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ gòkè kí aago mẹ́ta tó lù, ó tètè ń ṣú níbẹ̀. Ẹni tó bá ń padà sí Èkó kò ní láti tún gba Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀pẹ́ ti wà níwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Lẹ́kí. Àmọ́ ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde ló máa fo yín ru, àfi tí ẹ bá ti jẹ ẹ́ láàárọ̀.