Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀pá Ìpẹja Orí Yìnyín fún Ìdẹ Tó Dúró Sójú Kan

Nígbà tí yìnyín bá bo ojú adágún, ẹja tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe bí ẹja ìgbà ooru mọ́. Bí omi tó yí ẹja ká bá ṣe tutù tó ni ara rẹ̀ náà ṣe máa ń tutù tó, oúnjẹ kì í sì í tètè dà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í sáré lé ìdẹ, kì í sì í já a gbà tagbára-tagbára. Yóò rọra súnmọ́ ọn, yóò fà á sẹ́nu pọ̀ mọ́ omi, bó bá sì ti fura pé nǹkan ń dì í mú, yóò tu ú jáde. Ẹni tó ń ju ìdẹ rẹ̀ sókè sódò lè fi ọwọ́ mọ̀ pé ẹja fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdẹ bá dúró sójú kan, tí ọ̀pá sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ihò tí a gbẹ́ sínú yìnyín, ojú nìkan ló lè sọ fún apẹja pé ẹja ti dé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀pá fúnra rẹ̀: gígùn rẹ̀, ẹwà rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èrò tèmi ni pé ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìwúwo ìdẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu, lẹ́yìn náà kí ẹ yan atọ́ka, ìyẹn ẹ̀là tó ń tẹ̀ ní ṣóńṣó ọ̀pá, tó bá ìwúwo náà mu, lẹ́yìn rẹ̀ okùn, kí ọ̀rọ̀ ọ̀pá tó kàn. Mo ti fi odidi ìgbà òtútù kan lo ọ̀pá tó dára gan-an pẹ̀lú atọ́ka tó le ju ìdẹ mi lọ, mo sì gbà pé kò sí ẹja nínú omi náà, títí mo fi ṣàkíyèsí pé awọ lásán ló ń ṣẹ́ kù nínú ìdin tí mo fi sẹ́nu ìwọ̀.

Ohun tí mo pè ní atọ́ka ni ẹ̀là tínrín tí a máa ń so mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá, tí okùn ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Wọ́n lè fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é, tàbí sípírìǹgì irin, tàbí irun ẹlẹ́dẹ̀ igbó, gígùn rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 5 sí 15. Ẹ so ìdẹ mọ́ ọn kí ẹ sì wò ó. Bí atọ́ka bá dúró gbọnrangandan, ó ti le jù, ẹja kékeré kò ní lè mì í. Bó bá sì wó lulẹ̀ pátápátá, kò ní sí ibi tí yóò tún tẹ̀ sí mọ́ nígbà tí ẹja bá fa ìdẹ. Èyí tó tọ́ máa ń tẹ̀ dé agbedeméjì, bí ẹni tó tẹrí ba díẹ̀, kí ó lè lọ sísàlẹ̀, kí ó sì lè gòkè pẹ̀lú.

Gígòkè yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ apẹja kì í kà sí. Ẹja tó ń jẹun nílẹ̀ omi máa ń dorí kodò láti gbé ìdẹ, lẹ́yìn náà ni yóò tún ara rẹ̀ ṣe, tí yóò sì gbé ìwúwo náà kúrò lórí okùn. Ní àkókò yẹn, atọ́ka kò ní tẹ̀ sísàlẹ̀ rárá, ńṣe ni yóò dìde. Ẹni tó bá ń retí kìkì ìfàsísàlẹ̀ yóò máa wo ẹja tó ti gbé ìwọ̀ mì láìmọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òjé tó ń fún ìdẹ ní ìwúwo máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá ìwúwo rẹ̀ nínú omi, nítorí náà atọ́ka yóò nà díẹ̀ sí i ju bó ṣe rí ní afẹ́fẹ́ lọ. Irin tungsten ki ju òjé lọ, ìdì kékeré rẹ̀ sì lè na okùn dáadáa láìdẹ́rù ba ẹja. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ lo atọ́ka tó kúrú díẹ̀, nítorí èyí tó ń gbọ̀n ṣáá kò lè sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti okùn, náílọ́ọ̀nù tínrín tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 0.10 sí 0.14 ló bá ìdẹ fúfúyẹ́ mu. Okùn tó nípọn máa ń le nínú òtútù, yóò sì máa ká bíi sípírìǹgì bó ṣe wà lára kẹ̀kẹ́ okùn, èyí tí ìdẹ kékeré kò lè nà, tí ìfàlọ ẹja yóò sì tán sínú rẹ̀ kó tó dé òkè. Okùn híhun máa ń fa omi mu, lẹ́yìn náà ni yóò dì gbagidi.

Ọ̀pá fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹni tó jókòó nídìí ihò kò nílò ju sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60 lọ. Kábọ́ọ̀nù máa ń gbé ìmìtìtì dé ọwọ́ ju fáíbà onígíláàsì lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pá bá dúró lórí yìnyín, kò sí ọwọ́ tó fẹ́ gbọ́ ìmìtìtì náà, nítorí náà mo fara mọ́ fáíbà tó rọ̀ tó sì ń fara da òtútù. Kí ibi ìdìmú jẹ́ kọ́ọ̀kì tàbí fóòmù, nítorí irin máa ń fa ooru kúrò lọ́wọ́, fóòmù sì máa ń léfòó bí ọ̀pá bá bọ́ sómi. Kí àwọn òrùka okùn kéré níye, kí ẹnu wọn sì fẹ̀, kí yìnyín má tètè dí wọn. Kí ẹsẹ̀ ọ̀pá fẹ̀ dáadáa kí ẹja ńlá má baà wọ́ ọ sínú ihò. Gbogbo èyí yóò sì já sí asán bí ẹ bá jẹ́ kí yìnyín tuntun dì mọ́ okùn lójú ihò, nítorí náà ẹ máa kó o kúrò léraléra.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀pá, ẹ mú ìdẹ yín dání. Ẹ so ó mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kó dákẹ́, kí ẹ wá fi ìka kan ṣoṣo gbé e díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹja yóò ṣe gbé e. Bí atọ́ka bá ti dìde kí ìka yín tó mọ̀ pé òun gbé nǹkan, ẹ ti rí i.