Bí str_contains ṣe ṣiṣẹ́ lórí PHP 7.4
Orí PHP 7.4 ni sáfà wa ṣì wà, ṣùgbọ́n kóòdù tuntun náà ń pe str_contains, fọ́ńṣọ̀n tí ó ń wò bóyá ọ̀rọ̀ kan wà nínú òmíràn, tí PHP 8.0 gbé dé lọ́dún 2020. Mo kọ fọ́ńṣọ̀n tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, mo sì fi function_exists, tí ó ń wò bóyá fọ́ńṣọ̀n kan ti wà, dáàbò bò ó, kí ó má bàa forí gbárí pẹ̀lú ojúlówó lọ́jọ́ iwájú. strpos, tí ó ń sọ ipò tí ọ̀rọ̀ tí à ń wá ti bẹ̀rẹ̀, tàbí false bí kò bá sí, ni ó ń ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀; !== false ni a sì gbọ́dọ̀ fi yẹ èsì wò, torí pé 0 túmọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí ọ̀rọ̀ tí à ń wá kò bá ní lẹ́tà kankan ni mo kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀: true ni str_contains ń dá padà fún un, ìkìlọ̀ ni strpos ti 7.4 ń gbé jáde. Ní ti match, tí PHP 8.0 tún gbé dé láti yan èsì gẹ́gẹ́ bí iye kan ṣe rí, gírámà èdè náà ni; fọ́ńṣọ̀n kò lè rọ́pò rẹ̀, mo fi if àti === tún un kọ.