Bẹ́ ẹ ṣe lè wo ìràwọ̀ tó ń já, ojú lásán ti tó

Kì í ṣe ìràwọ̀ gan-an ló ń já o. Eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ ni, òmíì ò ju ẹyọ iyanrìn lọ, tí ìràwọ̀ onírù (comet) ń dà sílẹ̀ bó ṣe ń yí oòrùn po, táyé wa bá wá ń gba ojú ọ̀nà ẹ̀ kọjá, wọ́n á já wọnú afẹ́fẹ́ wa pẹ̀lú eré burúkú, wọ́n á sì gbiná ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè. Ọdọọdún la ń kọjá níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí déètì ẹ̀ kì í fi í yẹ̀ púpọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, méjì ni kẹ́ ẹ dojú kọ nínú àwọn àsìkò tí wọ́n máa ń já lọ́pọ̀ yanturu: Perseids, òru 12 mọ́jú 13 oṣù Ògọ́ọ̀sì, àti Geminids, òru 13 mọ́jú 14 oṣù Disẹ́ńbà. Èmi o, Geminids ni tèmi. Ọ̀dọ̀ Gemini, àwọn ìràwọ̀ ìbejì, ló ń jọ pé wọ́n ti ń jáde (òkúta kan tó ń jẹ́ Phaethon ló ni eruku tiẹ̀, kì í ṣe ìràwọ̀ onírù), wọn ò sì kánjú, 35 kìlómítà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, Perseids ń sá 59. Láti bí aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ ti lè máa rí wọn, Perseids ní tiẹ̀, àfi kó di ọ̀gànjọ́ sí ìdájí kó tó dùn ún wò.

Ẹ yẹ òṣùpá wò ná. Tó bá jẹ́ àrànmọ́jú ló wà lókè lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó mọ́lẹ̀ gan-an nìkan lẹ máa rí, ẹ yáa sùn.

Ẹ wá ibi tó ṣókùnkùn, tí iná ìgboro ò dé, tí igi àti ilé ò bo ojú ọ̀run. Ẹ dùbúlẹ̀ o, torí tẹ́ ẹ bá dúró, ọrùn yín á ké gbàjarè. Awò awọ̀nàjíjìn ò wúlò níbí, ibi kékeré ló ń fi hàn, ìràwọ̀ tó ń já sì lè gba ibikíbi yọ kó sì ti lọ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Ojú á gba bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó mọ́ òkùnkùn lára, ẹ̀ẹ̀kan péré tẹ́ ẹ bá tan fóònù, ẹ ti padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti jẹ̀bi ẹ̀ rí, aago lásán ni mo fẹ́ wò, ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá pariwo "háà!", kí n tó gbójú sókè ó ti parẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ lo tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi náílọ́ọ̀nù pupa bò ó lójú.

Ẹ má ranjú mọ́ Gemini fúnra ẹ̀, ìrù àwọn tó bá já nítòsí ibẹ̀ máa ń kúrú, àwọn tó jìnnà síbẹ̀ ló ń fa ìlà gígùn. Èyí tó bá ń ṣẹ́jú wìnìwìnì, ọkọ̀ òfuurufú ni, èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, sátẹ́láìtì ni.

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé 120 ní wákàtí kan, ibi tó ṣókùnkùn biribiri ni wọ́n ṣírò ẹ̀ fún, tiyín máa kéré sí i. Wọn kì í wá ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé náà, ẹ lè jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìrí nǹkan kan, kí mẹ́ta wá já tẹ̀lé ara wọn, torí náà ẹ má lò dín ní wákàtí kan.

Tí kùrukùru bá bo Perseids mọ́ yín lójú, ẹ tún jáde lọ́jọ́ kejì. Ti Geminids, alẹ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ lò, torí tọ́jọ́ ẹ̀ bá ti kọjá, kíá ló ń gbẹ.