Rọ́bà Tẹ́ẹ́rẹ́ Kan Ló Fẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Màmá Mi

Owó iṣẹ́ abẹ kọ́ ló dùn mí jù. Àkókò tí a fi dúró de rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ẹsẹ̀ Màmá ń kú lọ lójú wa, ni mi ò tíì gbé kúrò lọ́kàn.

Nílé wa ní Ìtòkú ni Màmá ti figbe ta pé ẹsẹ̀ òsì ń dun òun. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí omi àmù, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti funfun. Láìpẹ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní làkúrègbé ni, wọ́n ní ká máa fi omi gbígbóná jó o. Mo kọ̀. Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò fọwọ́ wò ó bóyá iṣan ẹsẹ̀ náà ṣì ń sọ! Omi gbígbóná lè bó ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ẹni tó ni ín kò sì ní mọ̀.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n tètè rí i: ọkàn Màmá ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀, ó já, ó sì lọ dí iṣan ẹ̀jẹ̀ itan. Wọ́n fa oògùn heparin sí i lára kí dídì náà má bàa pọ̀ sí i. Dókítà ní bí nǹkan bíi wákàtí 6 bá kọjá, ẹran ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Fogarty catheter, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde, ti tán ní ilé ìkóògùn wọn. Láti 1963 ni Thomas Fogarty, dókítà tó ṣe é, ti kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ èmi ni wọ́n ní kí n lọ wá a! Mo wá a káàkiri Abẹ́òkúta, kò sí.

Mo pe oníṣòwò kan l'Ékòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wo?” Mo tún sáré padà lọ bi dókítà bí rọ́bà náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó: nọ́ńbà 3 àti 4. Mo fi owó ránṣẹ́, báǹkì ti yọ ọ́, oníṣòwò ní òun ò rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà, àfi ìgbà tí owó dé. Ó wá fi rọ́bà náà rán awakọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá a dúró ní Sàngó. Mo dúró ní Kútọ̀, mo ń pe awakọ̀ ṣáá: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ìyá mi ni o!”

Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́. Wọ́n pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n là á níbi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n ti rọ́bà náà kọjá dídì, wọ́n fẹ bàlúù orí rẹ̀, wọ́n sì fà á padà. Ẹsẹ̀ gbóná! Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe padà, ojúgun wú, wọ́n ní láti la awọ àti ìbòrí ẹran rẹ̀ kí wíwú náà má pa ẹran. Ìdúró yẹn ni mo dá lẹ́bi. Inú mi dùn pé wọn kò gé ẹsẹ̀ Màmá, ó ń fi rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ń wọ́lẹ̀ díẹ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni yín, bí ẹ ṣe ń gbé e lọ, kí ẹlòmíràn máa pe ilé ìwòsàn: ṣé wọ́n ní catheter náà nílẹ̀?

Màmá ń lo warfarin báyìí, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí INR, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ kó tó dì hàn, wà láàárín 2 sí 3. Wọn kò ní kó má jẹ ẹ̀fọ́, wọ́n ní kí ìwọ̀n rẹ̀ má máa yí padà. Àgbo ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má bàa da iṣẹ́ oògùn náà rú, ó sì ń bínú sí mi.